Ìyè àti Ikú Nínú Àdúrà Ìsìláàmù àti Ewì Súfí Ilẹ̀ Pásíà

Nínú àdúrà àwọn Mùsùlùmí àti nínú ewì àwọn Súfí, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń wá ìsúnmọ́ Ọlọ́run nínú ọkàn, tó kọ̀wé lédè Pásíà, ikú kì í ṣe ti ara nìkan. Wọ́n ń fi í ṣàpèjúwe oorun, ìgbàgbé Ọlọ́run, àti ìmọtara-ẹni tí ọmọ ènìyàn ní láti bọ́ sílẹ̀.

Àdúrà

Bí Mùsùlùmí bá jí lówùúrọ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa lẹ́yìn tó ti pa wá. Súúrà Az-Zumar nínú Kùránì (39:42) sọ pé Ọlọ́run ń gba ẹ̀mí nígbà ikú, Ó sì ń gba ti ẹni tí kò tíì kú lójú oorun. Hàdíìsì kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí onímọ̀ hàdíìsì Bukhari gbà wá fi ẹni tó ń rántí Olúwa rẹ̀ wé alààyè, ó fi ẹni tí kì í rántí Rẹ̀ wé òkú.

Ewì

Ọwọ́ àwọn akéwì ni àfiwé yìí ti gbilẹ̀ jù, pàápàá Jalal al-Din Rumi (1207–1273), tó fi Konya, ní Tọ́kì òde òní, ṣe ibùgbé. Nínú ìwé kìíní Masnavi, ewì gígùn rẹ̀, oníṣòwò kan tó ń lọ sí Íńdíà bi ayékòótọ́ inú àgò rẹ̀ pé kí ni kí òun mú bọ̀ fún un. Ẹyẹ ní kó bá òun kí àwọn ẹgbẹ́ òun lọ́hùn-ún, kó sì sọ fún wọn pé àhámọ́ ni òun wà. Bí ọ̀kan nínú wọn ṣe gbọ́, ó gbọ̀n rìrì, ó ṣubú, ó kú. Oníṣòwò padà délé, ó ròyìn. Ayékòótọ́ tirẹ̀ náà ṣubú lulẹ̀, ó gan. Oníṣòwò sunkún títí, ó gbé òkú ẹyẹ jù síta, ni ẹyẹ bá fò lọ sórí igi. Ẹ̀kọ́ ni ẹyẹ Íńdíà fi ikú àdíbọ́n rẹ̀ rán sí i: ohùn dídùn rẹ ló sọ ọ́ di ẹrú, àfi kó o kú kó o tó lè bọ́. Kò sí ibòmíràn tí Rumi ti là á yéni tó báyìí.

Nínú ìwé kẹta Masnavi, Rumi ní òun kú kúrò ní òkúta, òun di ewéko, òun di ẹranko, òun di ènìyàn. Ìgbà wo ni ikú wá dín òun kù? Àwọn òǹkàwé òde òní kan ń rí ẹfolúṣọ̀n níbẹ̀, èyí tó jọ àsọdùn. Ìrìn ọkàn sọ́dọ̀ Ọlọ́run ni ewì náà ń sọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń pe alẹ́ tó kú, 17 Oṣù Kejìlá 1273, ní alẹ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n sì ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní Konya lọ́dọọdún.

Ṣáájú rẹ̀, akéwì Attar, ará Nishapur ní Ìráànì, ti sọ ti àfòpiná tó kó sínú iná àbẹ́là: òun nìkan ló mọ iná, kò sì lè padà wá ròyìn. Fana, pípa ìmọtara-ẹni rẹ́ nínú Ọlọ́run, ni àwọn Súfí ń pe ipò yìí. Baqa, wíwà pẹ̀lú Ọlọ́run, ló tẹ̀ lé e. Wọ́n sábà máa ń gbé e ka ọ̀rọ̀ náà, «Ẹ kú kí ẹ tó kú», tí wọ́n kà sí ti Ànábì, àmọ́ Ibn Hajar, onímọ̀ hàdíìsì, kò gbà pé ó fìdí múlẹ̀.