Backend wo ni kí n yàn fún OpenLDAP, kí sì ni kí n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀?

Ẹni tó bá ṣí ìwé ìtọ́nisọ́nà OpenLDAP, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn àti ẹgbẹ́ wọn, máa bá orúkọ backend rẹpẹtẹ pàdé: mdb, ldif, sql, ldap, meta, monitor, null. Bí ó bá tún lọ ka àwọn ìwé àtijọ́, bdb àti hdb á kún wọn. Wọ́n kàn tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni, bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ni backend gan-an?

slapd ni orúkọ sáfà OpenLDAP. Òun ló ń gba ìbéèrè: ta ni ẹni yìí, ẹgbẹ́ wo ló wà, ṣé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ tọ̀nà? Ṣùgbọ́n tó bá di ká wá ìdáhùn jáde tàbí ká kó dátà pamọ́, ọwọ́ backend ni slapd ń fi í lé.

Ṣé gbogbo wọn ló ń tọ́jú dátà?

Rárá o. mdb àti ldif ń kọ dátà sórí dísìkì. ldap ń darí ìbéèrè lọ sí sáfà mìíràn, meta ń pa sáfà púpọ̀ pọ̀ kí wọ́n lè dà bí ọ̀kan. monitor ń sọ bí slapd fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe sí, null sì ń da ohun gbogbo tí a bá fún un nù. Ìwé tó bá fẹ́ ran ènìyàn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ pín wọn báyìí, kó tó sọ̀rọ̀ kan nípa bí a ṣe ń ṣètò wọn.

Èwo wá ni kí n fi tọ́jú dátà mi?

mdb ni. Mi ò rí ìdí láti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

Orí LMDB, ètò dátábéèsì kékeré kan, ló dúró lé. Howard Chu ló kọ LMDB fún OpenLDAP, ó sì jáde ní 2011. Láyé bdb, alábòójútó sáfà ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò oríṣiríṣi cache (ibi tí dátà tí a ń lò lemọ́lemọ́ ń wà kó lè yára jáde), kó kọ fáìlì DB_CONFIG, kó máa ṣọ́ àwọn fáìlì log. LMDB kò ní cache tirẹ̀ rárá. Ó ń so fáìlì dátà mọ́ mẹ́mọ́rì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ló sì ń pinnu èyí tó yẹ kó wà ní mẹ́mọ́rì.

Kì í kọ nǹkan tuntun lé ojú ewé, ìyẹn ìpín kékeré inú fáìlì, tí a ṣì ń lò. Ojú ewé tuntun ló ń kọ, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ló tó yí ìtọ́kasí padà síbẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà ní pípé, kò sí àtúnṣe kankan láti ṣe. Ẹni tó ń kà kì í dí ẹni tó ń kọ lọ́wọ́, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lè máa kọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ni maxsize, kí ló dé tó fi ń dá sáfà dúró?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù. maxsize ni ìwọ̀n tí fáìlì dátà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí o kò bá yan iye kan, 10485760 báìtì ni yóò jẹ́, èyí sì kéré jọjọ. Tó bá kún, slapd kò ní gba àkọsílẹ̀ tuntun mọ́, bí dísìkì tiẹ̀ ṣófo. Fi iye ńlá sí i. Kì í gba àyè dísìkì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo ti pa dátà púpọ̀ rẹ́, fáìlì dátà mdb, data.mdb, kò sì kéré sí i?

Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àyè tó ṣófo náà ló máa tún lò.

Kí ló dé tí bdb ṣì pọ̀ nínú àwọn ìtọ́nisọ́nà?

Torí pé àwọn ìtọ́nisọ́nà náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì pa wọ́n rẹ́. OpenLDAP 2.5, tó jáde ní 2021, ti yọ bdb àti hdb kúrò pátápátá. Bí o bá ṣì ń lo bdb tàbí hdb, fi slapcat kó dátà rẹ jáde *kí o tó* gbé ẹ̀dà tuntun wọlé, torí slapd tuntun kò ní lè ka fáìlì àtijọ́ náà. Lẹ́yìn náà, fi slapadd kó o sínú mdb.

Ṣé mi ò lè lo sql, níwọ̀n ìgbà tí mo ti ní dátábéèsì?

Àwọn tó ṣe OpenLDAP fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé wọn kò ṣe é láti rọ́pò backend gbogboogbò. Dátà tó ti wà nínú tábìlì SQL tẹ́lẹ̀ ló wà fún.

Kí ni kí n kọ sílẹ̀ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀dà OpenLDAP tí ẹ ń lò, backend tí ẹ yàn pẹ̀lú ìdí rẹ̀, iye maxsize àti bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀, àti ibi tí data.mdb wà. Bí ẹ bá tan ìṣètò mdb tó ń jẹ́ dbnosync, ẹ kọ ìdí rẹ̀, torí ó ń mú kí ìkọ̀wé yára ṣùgbọ́n dátà lè sọnù bí ẹ̀rọ bá kú lójijì. Ẹ kọ àṣẹ slapcat tí ẹ fi ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ náà, odindi. Ẹ lè lò ó lórí mdb nígbà tí slapd ń ṣiṣẹ́ lọ.