Kí Ló Dé Tí Ìjì Fi Ń Gbé Tírámpólíìnì Fò, Báwo La Sì Ṣe Lè Dè É Mọ́lẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó àbúrò mi tó ń gbé ní Lugbe fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi. Tírámpólíìnì àwọn ọmọ rẹ̀, irin róbótó tí wọ́n fi sípíríǹgì ta aṣọ líle sí láàárín, táwọn ọmọdé ń fò sókè-sódò lórí rẹ̀, ló dojú dé sórí páànù aládùúgbò. Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sókè bíi ti àgbò Iléyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ìbéèrè ló tẹ̀ lé fọ́tò náà, ọ̀kan lé ọ̀kan. Mo kọ wọ́n síbí pẹ̀lú bí mo ṣe dá a lóhùn, torí èmi náà ní ọ̀kan ní Kubwa, ìjì sì ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ọkùnrin méjì ló gbé nǹkan yìí wọlé, tí wọ́n ń mí hẹlẹ. Báwo ni afẹ́fẹ́ lásán ṣe gbé e kọjá fẹ́ǹsì?

Ìdáhùn: Ìyàwó, bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ ń wò, kì í wo bó ṣe wúwo tó nìkan. Gbé odó síta, ìjì ò ní rí ibi dì í mú. Ṣùgbọ́n wo obìnrin tó gbé atẹ ẹ̀pà rù ní títì. Bí atẹ náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á gba òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Kí etí kan ṣáà gbé sókè díẹ̀ báyìí, afẹ́fẹ́ ti wọ abẹ́, ẹ̀pà ti fọ́n ká.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tírámpólíìnì ẹsẹ̀ bàtà 12 fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 ààbọ̀. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan, tó bá dojú kọ nǹkan pẹlẹbẹ, á máa tì í bí ẹni pé kílò 17 ló wà lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó wọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, nǹkan bíi kílò 180 ló ń ti gbogbo rẹ̀ sókè nìyẹn, tírámpólíìnì fúnra rẹ̀ kì í sì í sábà ju kílò 80 lọ. Ibi tó wá le sí ni pé bí eré ìjì bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Aṣọ yẹn ní ihò wínníwínní lóòótọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á gba ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e. Nẹ́ẹ̀tì tó yí i ká, kí ọmọ má baà já bọ́, sì wá dà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Òun ló máa ń kọ́kọ́ fà á tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìjì tó ráyè wọ abẹ́.

Ìbéèrè: Gbogbo ọyẹ́ ló fi wà níta, kò mì. Kí ló dé tó jẹ́ òjò àkọ́kọ́ ló gbé e?

Ìdáhùn: Ọyẹ́ ń ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, eruku ló fi ń yọ wá lẹ́nu. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní ìwà tirẹ̀. Láti nǹkan bí òpin oṣù Kẹta títí wọ oṣù Karùn-ún, ilẹ̀ ti gbóná, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ sì gbẹ. Òjò tó ń bọ̀ látòkè á máa gbẹ lójú ọ̀nà kó tó kanlẹ̀, èyí á mú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju gbígbóná lọ, ló bá já wálẹ̀ gbàà, ó sì tàn káàkiri bí omi tí wọ́n dà sórí sìmẹ́ńtì. Òun ló ń ṣíwájú òjò. Ní Abuja níbí, ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ irú ìjì bẹ́ẹ̀ ti ń wá, láti ọ̀nà Keffi àti Mararaba. Ojú ọ̀run á dúdú lápá ibẹ̀, eruku pupa á dìde, páànù á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àyè tó wà láàárín eruku àti ìjì gan-an lè má tó èyí tí wàá fi ká aṣọ lórí okùn, ká má tíì sọ pé kí o máa wá ohun tí wàá fi de irin. Àwọn NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, máa ń kéde bí ìjì bá ń bọ̀. Máa wò ó láàárọ̀. Àwọn baba wa tó ki Ọya ní ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí í dági lókè-lókè mọ ohun tí wọ́n rí.

Ìbéèrè: Mo gbé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lé ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì kó àpò iyanrìn sórí aṣọ. Kò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó. Búlọ́ọ̀kù tí a kàn gbé lé nǹkan, tí a ò dè mọ́ ọn, á yọ̀ dànù nígbà tí irin bá kọ́kọ́ mì. Iyanrìn orí aṣọ tún burú jù: á fa sípíríǹgì gbọ̀ọ̀rọ̀, aṣọ á sì wọ̀ sísàlẹ̀.

Àṣìṣe tèmi yàtọ̀ sí tìẹ. Ẹsẹ̀ ni mo dè. Mo fi okùn ọ̀rá de ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ èèkàn, mo fún un pinpin, mo lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, mo jáde, mo bá ẹsẹ̀ tírámpólíìnì ní ìdúró, kò sí èyí tó ṣí kúrò nípò. Orí rẹ̀ ni n kò rí. Tòkúnbọ̀ ni mo rà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn ki bọ irin òkè ni, bóòtù tó yẹ kó mú wọn papọ̀ sì ti sọnù kó tó dé ọwọ́ mi. Irin róbótó náà wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ó ti fi ara gbá táǹkì omi Alhaji, aládùúgbò mi, omi sì ń dà ṣòròṣòrò sí ojúde wọn.

Ìbéèrè: Báwo wá ni kí n ṣe dè é?

Ìdáhùn: Irin róbótó òkè ni kí o dì mú. Kọ́kọ́ wo gbogbo ojú ibi tí ẹsẹ̀ ti wọ inú irin òkè. Ibi tí bóòtù bá ti sọnù, rà á. Ibi tí ìpata bá ti jẹ, gbé e fún wẹ́dà.

Ọ̀dọ̀ wẹ́dà yẹn náà ni kí o ti ṣe èèkàn. Rọ́ọ̀dù mìlímítà 16 tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 75 dára, kó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan ṣóńṣó, kó tẹ èkejì kọ́rọ́ bí ìwọ̀. Ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni èèkàn ń lọ. Má gbá a wọlẹ̀ lóòró. Jẹ́ kí orí rẹ̀ fì sẹ́yìn, kúrò lọ́dọ̀ tírámpólíìnì, kí ṣóńṣó rẹ̀ sì kọjú sí abẹ́ rẹ̀, bí a ṣe ń kan èèkàn àgọ́. Bí okùn bá fà á, ilẹ̀ ni yóò máa bá jà. Ilẹ̀ yangí wa le bí òkúta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà da omi sójú ibẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá di oṣù Kẹjọ tí ilẹ̀ ti mu òjò yó, fọwọ́ mi èèkàn kọ̀ọ̀kan wò, kí o sì tún un gbá.

Ní ti okùn, fi ọ̀rá sílẹ̀. Bó bá rin, á na, orí irin á sì máa rẹ́ ẹ. Bẹ́líìtì táwọn onítírélà fi ń de ẹrù ni kí o rà, èyí tó ní irin kékeré tí wọ́n fi ń fún un. Gbé e yí irin òkè po, kí o sì fà á wá sí èèkàn. Fún un kó le, má fún un débi tí irin á tẹ̀.

Ìbéèrè: Íńtálọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ wa, onílé ò sì ní gbà kí n kan nǹkan kan mọ́ ọn.

Ìdáhùn: Kó bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì lítà 20 jọ, pò kọnkéré sínú wọn, ri irin ìwọ̀ kan mọ́ àárín kó tó gan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á tó nǹkan bíi kílò 48. Mẹ́fà á sún mọ́ kílò 290, èyí sì yàtọ̀ sí àpò ìrẹsì tí a kó iyanrìn sí, tí oòrùn Abuja á jẹ tí á fi ya láàárín oṣù mélòó kan. Bẹ́líìtì látòkè sí ìwọ̀ kọnkéré, bákan náà ni. Jẹ́ríkáànì omi lítà 25 kò ju kílò 25 lọ, o máa nílò rẹ̀ púpọ̀.

Ìbéèrè: Tí a bá fẹ́ lọ sílé ńkọ́?

Ìdáhùn: Àsìkò Ọdún Àjíǹde tí gbogbo wa ń lọ sílé gan-an ni ìjì ń bẹ̀rẹ̀. Yọ nẹ́ẹ̀tì, tú sípíríǹgì, ká aṣọ wọlé. Irin òfìfo ò ní nǹkan tí afẹ́fẹ́ máa dì mú. Má tú sípíríǹgì láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ, máa fo ọ̀kan sí òdìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tó kù á le jù fún ọwọ́. Ní ọjọ́ lásán, tí ojú ọ̀run bá ṣú, nẹ́ẹ̀tì nìkan tó láti yọ.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n gbé e sí?

Ìdáhùn: Ibi tí kò sí wáyà NEPA lókè rẹ̀, tó sì jìnnà sí ògiri ní mítà méjì. Bó bá fò lọ kọ́ wáyà, má fọwọ́ kàn án, bí iná ò tilẹ̀ sí. Wọ́n lè mú un dé nígbàkigbà.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ta ni yóò wá san páànù?

Ìdáhùn: Ìwọ ni. Lọ bá wọn lónìí, kí wọ́n tó wá bá ọ. Mo ra táǹkì tuntun fún Alhaji, kò sì bá mi jà. Ṣùgbọ́n látìgbà náà, bí apá Keffi bá ti dúdú, yóò ti orí fẹ́ǹsì pariwo “Hadari!”, bí àwọn Hausa ṣe ń pe àwọsánmà ìjì, yóò sì dúró síbẹ̀ títí tí màá fi yọ nẹ́ẹ̀tì tán.