Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwúrí nípa àlá Amẹ́ríkà ti ṣẹ̀

Kí ayé tó máa pe ẹnikẹ́ni ní mótíféṣọ́nà sípíkà ni iṣẹ́ fífi àlá Amẹ́ríkà wúni lórí, ìyẹn ìgbàgbọ́ pé ẹnikẹ́ni lè fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ dé ipò níbẹ̀, ti wà. Ní Millbury, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Josiah Holbrook dá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní lyceum sílẹ̀ ní 1826, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń pàdé kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ó ràn kálẹ̀ kíá. Nígbà tó di 1868, James Redpath ṣí ọ́fíìsì ní Boston, ó ń bá àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wá ìlú tí wọ́n á lọ, ó sì ń gba ìpín tirẹ̀ nínú owó wọn. Ọ̀rọ̀ sísọ di òwò gidi.

Nínú gbogbo àwọn tó jẹun nídìí òwò yìí, Russell Conwell ni mo kà sí baba wọn. Wọ́n bí i ní 1843, ó ja ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó ṣe agbẹjọ́rò, ó ṣe akọ̀ròyìn, kó tó di pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Philadelphia ní 1882. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Acres of Diamonds, ìyẹn ilẹ̀ tó kún fún dáyámọ́ńdì, ni wọ́n ní ó sọ ju ìgbà 6,000 lọ kó tó kú ní 1925.

Ó ní ẹni tó ń mú àwọn rìn nítòsí Baghdad ló sọ ìtàn tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fún òun. Àgbẹ̀ ará Páṣíà kan, Ali Hafed, ní oko ńlá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, títí àlejò kan fi sọ̀rọ̀ dáyámọ́ńdì fún un. Kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà. Ó ta oko, ó fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀, ó kiri títí owó fi tán, ó sì bẹ́ sínú òkun ní Barcelona. Ẹni tó ra oko fa ràkúnmí lọ mumi nínú odò tó gba inú ọgbà kọjá, ló bá rí òkúta dúdú kan tó ń kọ mànà nínú iyanrìn. Conwell ní bí wọ́n ṣe rí ibi ìwakùsà dáyámọ́ńdì Golconda nìyẹn. Àwa náà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ ju ìtàn yẹn lọ. Láti Páṣíà, á mú olùgbọ́ wá sí Pennsylvania, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ta oko rẹ̀ kó lè lọ bá ìbátan rẹ̀ ṣiṣẹ́ epo ní Kánádà. Dọ́là 833 ló tà á, kò lé sẹ́ǹtì kan. Iye tó ṣe wẹ́kú báyẹn ló ń jẹ́ kí ìtàn dà bí ohun tó ṣojú ẹni. Ẹni tó rà á débẹ̀, ó bá pátákó kan tí wọ́n gbé dábùú odò lẹ́yìn abà, kí ìdọ̀tí tó léfòó sórí omi má bàa dé ẹnu màlúù. Epo rọ̀bì ni ìdọ̀tí ọ̀hún. Ọdún 23 ni ẹni tó tà á fi ń sé e.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ Conwell ni ohun tó ń ṣe kó tó gun orí pèpéle. Á tètè dé ìlú, á lọ kí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, onígbàjámọ̀, olótẹ́ẹ̀lì, ọ̀gá ilé ìwé àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run, á wọ ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́ lọ bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ohun tó bá gbọ́ ló ń pò mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lálẹ́, tí ẹni tó wá gbọ́ ìtàn Páṣíà fi máa rí i pé ṣọ́ọ̀bù òun ni wọ́n ń sọ. Ó tún mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ń bẹ̀rù owó, ló fi sọ fún wọn pé ojúṣe wọn ni láti lówó. Owó tí òun náà ń rí níbẹ̀ ló fi ń san owó ilé ìwé fún àwọn ọmọ tálákà. Ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 1884 ló di Temple University.

Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ló sọ pé àwọn tálákà tó yẹ ká káàánú kò pọ̀. Mi ò gbà. Frederick Douglass, ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú ní 1838, ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó fi iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn dé ipò láti 1859. Ó yin iṣẹ́ àṣekára gan-an, ṣùgbọ́n ó ní kò sẹ́ni tó dá ara rẹ̀ ṣe, ó sì ní kí wọ́n má ṣe rẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú jẹ. Ní Atlanta ní 1895, Booker T. Washington, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú, sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kan tí òùngbẹ ń pa àwọn inú rẹ̀: kí wọ́n ju korobá sísàlẹ̀ níbi tí wọ́n wà, omi dídùn ló wà lábẹ́ wọn. Ohùn Conwell nìyẹn. W. E. B. Du Bois, onímọ̀ aláwọ̀ dúdú, ta ko Washington, ó ní ó ń yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú.

Òpìtàn James Truslow Adams ló jẹ́ kí orúkọ náà, àlá Amẹ́ríkà, tàn kálẹ̀ ní 1931. Nígbà tí Martin Luther King dúró níwájú ère Lincoln ní Washington ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ, 1963, ó ní inú àlá yẹn ni àlá tòun ti ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n kó tó dé ibẹ̀, ó ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sọ̀wédowó: Amẹ́ríkà kọ ọ́ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú, báńkì dá a padà pé owó ò tó. Conwell ní kí olùgbọ́ lọ gbẹ́ ilẹ̀ ilé rẹ̀. King ní gbèsè làwọn wá gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tó fi òpin sí yíya dúdú sọ́tọ̀ nílé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì.