2001: A Space Odyssey: kí ló ti gbó nínú rẹ̀, kí ni kò gbó?

Bíírò kan ń fò léfòó nínú ọkọ̀ òfurufú. Ẹni tó ni ín ti sùn lọ lórí ìjókòó, apá rẹ̀ náà ń léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú èrò wọlé, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí bàtà rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú bíírò náà lójú afẹ́fẹ́, ó sì tì í bọ àpò ọkùnrin náà. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi dá fíìmù náà dúró níbẹ̀. "Ọ̀gá, irú kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n fi ṣe èyí?"

Mo ní kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀, gíláàsì ni. Wọ́n fi téèpù tó ń lẹ̀ níhà méjèèjì lẹ bíírò mọ́ gíláàsì tó mọ́ kedere, wọ́n gbé gíláàsì náà síwájú kámẹ́rà, wọ́n wá ń yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá wo ọwọ́ obìnrin náà dáadáa, ẹ ó rí i pé kò mú bíírò náà bí ẹni mú nǹkan tó ń fò. Ńṣe ló ṣí i kúrò lára nǹkan. Ọmọ yẹn wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbà fún mi.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa to àwòrán mọ́ àwòrán nínú fíìmù, kí ẹni tí kò dé orí òkè rí bí ẹni tó wà lórí òkè. Nítorí iṣẹ́ yìí, bí mo bá ti dárúkọ 2001: A Space Odyssey, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé ó ṣì ṣe é wò lónìí. Fíìmù nípa ìrìn-àjò ènìyàn nínú gbalasa òfurufú ní nǹkan bí ọdún 2001 ni. Stanley Kubrick ló darí rẹ̀, òun àti òǹkọ̀wé Arthur C. Clarke ni wọ́n jọ kọ ọ́, ó sì jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1968. Ènìyàn kankan ò tíì tẹ òṣùpá nígbà yẹn. Oṣù keje ọdún 1969 ni Apollo 11, ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, tó gbé ènìyàn balẹ̀ síbẹ̀.

Ìdáhùn mi ni pé ó ṣe é wò gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ. Àsọtẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń kà: èyí ṣẹ, tọ̀hún ò ṣẹ. Lóòótọ́, àwọn kan ṣẹ tó fi ń yani lẹ́nu. Àwọn awakọ̀ méjì ń jẹun, wọ́n ń wo ìròyìn lórí pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Pátákó yẹn bá tábúlẹ́ẹ̀tì òde òní mu débi pé ní ọdún 2011, nígbà tí Apple gbé Samsung lọ sílé ẹjọ́, Samsung mú ibi yẹn nínú fíìmù náà wá láti fi gbèjà ara rẹ̀. Bàbá kan tún wà níbẹ̀ tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó sì ń rí ojú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n inú àhámọ́ fóònù ló wọ̀ kó tó lè ṣe é, wọ́n sì gba dọ́là 1.70 lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé e lọ jẹ́ ti Pan Am, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, àwọn tó sì bá pàdé nílé àgbékọ́ lójú sánmà jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Soviet. Oṣù kan náà, December 1991, ni Pan Am kógbá wọlé, tí Soviet Union náà sì túká. Kò sí èyí tó dé ọdún 2001 nínú àwọn méjèèjì. Ká má tíì sọ ti àwọn obìnrin: ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló jẹ́ pé oúnjẹ ni wọ́n ń gbé kiri nínú ọkọ̀, tàbí kí wọ́n jókòó sídìí tábìlì ìgbàlejò. Ibi tó ti gbó jù nìyẹn, kò sì sí àrà tí ọwọ́ lè dá tó lè bò ó.

Bí ó bá jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ nìkan ló ní, ì bá ti di ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun tó mú un dúró ni bí wọ́n ṣe ya àwòrán rẹ̀.

Ọ̀tá àwa oníṣẹ́ yìí láyé àtijọ́ ni ẹ̀dà. Bí o bá fẹ́ fi ọkọ̀ sáàárín ìràwọ̀, o ní láti ya ọkọ̀ lọ́tọ̀, kí o ya ìràwọ̀ lọ́tọ̀, kí o wá da méjèèjì kọ sórí fíìmù kẹta. Bí o bá ti ń da fíìmù kọ, bẹ́ẹ̀ ló ń rí ṣákaṣàka sí i, bí ìwé tí wọ́n ṣe fótòkọ́pì rẹ̀ láti ara fótòkọ́pì mìíràn. Ẹ lè má mọ ìdí rẹ̀, àmọ́ ojú yín mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà yẹn, kí àrà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ ó ti rí i pé àwòrán náà ti yí padà, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, ojú rẹ̀ ti di oníyanrìn.

Kubrick kọ̀ láti da fíìmù kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ya òṣèré, wọ́n á sì fi dúdú bo ibi tí fèrèsé ọkọ̀ wà kí ìmọ́lẹ̀ má kàn án. Wọn ò ní fọ fíìmù náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á gé fọ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí nǹkan wà. Ìyókù á wà nínú agolo fún oṣù mélòó kan. Nígbà tó bá yá, wọ́n á dá fíìmù yẹn gan-an padà sínú kámẹ́rà, wọ́n á sì ya ìràwọ̀ tàbí òṣùpá sí ojú ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo. Báyìí ni gbogbo rẹ̀ ṣe wà lórí nẹ́gátíìfù kan ṣoṣo, ìyẹn fíìmù tó wà nínú kámẹ́rà gan-an, tí kì í ṣe ẹ̀dà ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ọwọ́ ẹnì kan bá gbọ̀n lọ́jọ́ ìkẹyìn, iṣẹ́ òṣèré ti oṣù mélòó sẹ́yìn náà ti ṣòfò nìyẹn. Ẹyin ni nẹ́gátíìfù jẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló máa fọ́. Èmi ní bọ́tìnnì kan lónìí tó ń pa ohun tí mo bá ṣì ṣe rẹ́. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ju igba ìgbà lọ lóòjọ́, ojú kì í sì í tì mí.

Àwọn ọkọ̀ yẹn náà ńkọ́? Ère ni wọ́n, wọ́n kàn ṣe wọ́n tóbi ni. Discovery, ọkọ̀ tó ń lọ sí Júpítà, gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 54. Ìdí tó fi ní láti tóbi ni pé bí kámẹ́rà bá sún mọ́ nǹkan kékeré, iwájú nǹkan náà á hàn kedere, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì dà bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Lójú ẹsẹ̀ ni ènìyàn á ti mọ̀ pé nǹkan ìṣeré ni. Kí iwájú àti ẹ̀yìn lè jọ hàn, àfi kí o fún ojú lẹ́ǹsì pa. Bí ojú lẹ́ǹsì bá sì ti fún, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ò ní tó nǹkan, o ní láti jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ pẹ́ fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò 24 ló ń ṣe ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo nínú fíìmù. Nítorí náà, ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń yà á kò ní rí i pé nǹkan kan ń rìn. Bí ọwọ́ aago tó ń ka wákàtí ló ṣe ń lọ. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá rí i lójú sinimá, ọkọ̀ náà wúwo. Ohun tó wọ́n jù nínú iṣẹ́ wa títí dòní ni pé kí nǹkan wúwo. Mo ti rí ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣe tó lẹ́wà ju Discovery lọ, tó sì fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, níbi tí àwọn ènìyàn-ọ̀bọ wà, ẹ wo ojú àmọ̀tẹ́kùn tó dúró ti òkú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Ojú rẹ̀ ń tàn bí iná. Aṣálẹ̀ tí ẹ rí lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ fọ́tò tí wọ́n yà ní Nàmíbíà, àmọ́ inú ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹranko náà àti àwọn òṣèré wà. Iwájú ni wọ́n ti ń ju fọ́tò náà lu ògiri ńlá kan tí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó ojú ọ̀nà bò, èyí tó ń dá iná mọ́tò padà tààrà sójú ẹni tó ń bọ̀. Ògiri náà dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú kámẹ́rà, ara òṣèré ò dá a padà tó bẹ́ẹ̀, aṣálẹ̀ ò sì hàn lára wọn. Ojú àmọ̀tẹ́kùn nìkan ló ṣe bí ògiri yẹn, torí bí Ọlọ́run ṣe dá ojú ẹran tó ń ṣọdẹ lóru nìyẹn. Àṣìṣe ni. Àṣìṣe tó dáa jù tí mo mọ̀ nínú fíìmù ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àgbá kẹ̀kẹ́ ńlá tí àwọn awakọ̀ ń gbé inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Vickers-Armstrongs ló kọ́ ọ, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 38, owó tó lọ sí i sì tó dọ́là 750,000. Ó ń yí lóòótọ́. Nígbà tí òṣèré ń sáré yíká inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló wà nígbà gbogbo, àgbá ló ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibì kan wà tí ọ̀kan nínú wọn ti jókòó ń jẹun, tí ìkejì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà lápá òkè, tó sì rìn wá bá a. Ẹni tó ń jẹun yẹn, Gary Lockwood, wọ́n fi ìgbànú dè é mọ́ àga ni, ó ń sorí kodò, wọ́n sì lẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ àwo. Mo ti fi ibẹ̀ han àwọn ènìyàn tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún, wọ́n sì dákẹ́.

Ti sáyẹ́ǹsì rẹ̀, kò burú, kò sì pé. Gbalasa òfurufú dákẹ́ rọ́rọ́ níbẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn fíìmù tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń da ariwo bọ̀ ọ́. Àmọ́ àwọn òkè òṣùpá tí wọ́n yà rí ṣóńṣó. Ti gidi ti rí roboto, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ láti òfurufú ti ń lù wọ́n láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún. Nígbà tí awakọ̀ kan fẹ́ fò wọ inú ọkọ̀ láìdé akoto, ó fa èémí mọ́ra, bẹ́ẹ̀ èémí yẹn lè fa ẹ̀dọ̀fóró ya. Ńṣe ló yẹ kó tú u jáde. Ẹ jẹ́ ká fojú fò ó. Mo ti rí òótọ́ sáyẹ́ǹsì nínú fíìmù tó súni bí ẹ̀kọ́ tí ò níyọ̀.

HAL wá ńkọ́, kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀ náà? Ibí yìí ni ọdún tó ti kọjá ti bá fíìmù yìí ṣe iṣẹ́ tí Kubrick fúnra rẹ̀ ò lè ṣe. Ní 1968, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọ̀ fún olówó rẹ̀ jẹ́ àlá lásán. Lónìí, ẹ̀rọ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa kó tó sọ pé òun ò ní ṣe é. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ya ikú HAL, nígbà tí awakọ̀ ń pa á: iná pupa, iyàrá tó há bí kọ́bọ́ọ̀dù, èémí awakọ̀ nínú akoto, àti ohùn Douglas Rain, òṣèré tó ń sọ̀rọ̀ fún HAL, tó ń falẹ̀ títí tó fi di orin "Daisy Bell". Wọn ò mú orin yẹn lásán. Òun ni wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà kan láti kọ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1961, Clarke sì gbọ́ ọ níbẹ̀. Kò sí àrà kankan lójú sinimá lásìkò yẹn tí ẹ lè nàka sí. Awakọ̀ náà kò sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì yí padà. Ẹ̀rọ ló ń bẹ̀bẹ̀.

Ǹjẹ́ kò gùn jù? Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni ẹ ó fi jókòó kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn, àwọn kan dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Kubrick gbẹ́ tirẹ̀: láàárín ọjọ́ mélòó kan ó gé nǹkan bí ìṣẹ́jú 19 dànù. Bó bá ṣe tèmi ni, mà á tún gé díẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi tó ń ṣàn kọjá nígbà tó ń parí lọ. Ó lẹ́wà, ó sì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan ibi tí egungun tí ènìyàn-ọ̀bọ kan jù sókè ti di ọkọ̀ lójú sánmà. Àwòrán méjì péré, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ọdún ló sì wà láàárín wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ kọ́kọ́ wọ inú ètò tẹlifíṣàn yín, kí ẹ pa ohun tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ geere. Ńṣe ló ń hùmọ̀ fọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò yà sáàárín àwọn tí wọ́n yà, á sì sọ gbogbo ìwúwo yẹn di eré orí tẹlifíṣàn ọ̀sán. Ẹ má fà á gùn kó lè kún ojú tẹlifíṣàn; bó ṣe fẹ̀ tó fún ní òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣe yà á. Ẹ pa iná ilé, ẹ gbé fóònù sọnù. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí nǹkan kan ju òkùnkùn lọ, orin tó dà bí ariwo oyin nìkan lẹ ó máa gbọ́. Tẹlifíṣàn yín kò bàjẹ́. Ẹ jókòó.