Ìtẹ́kọ̀sùn: kì í ṣe ìpamọ́, kì í sì í ṣe ìgbésílẹ̀

Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan fi ìwé ìtọ́ni kan tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá hàn mí. Àkọlé rẹ̀ ni “Ìpamọ́ Ọkọ̀ ní Àsìkò Ọyẹ́”. Ìlà kẹta ló ti ní kí n da oògùn tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú rédíétọ̀, kí ọyẹ́ má baà fọ́ ẹ́ńjìnnì mi. Ọyẹ́ mẹ́rìndínlógún ni mo ti lò ní Kubwa ní Àbújá, omi kò dì nínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni rí ládùúgbò wa. Inú bí mi, nítorí ohun tí ìwé náà fẹ́ kọ́ni, bí a ṣe ń múra ọkọ̀ tí a ò ní wà fún oṣù mélòó kan sílẹ̀, wúlò fún wa gan-an. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni olùtumọ̀ fi bà á jẹ́: ọyẹ́ àti ìpamọ́. Ìtẹ́kọ̀sùn ni èmi fi rọ́pò ìpamọ́, bí a ṣe ń tẹ́ ọmọ sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ ni, tó ń ru eruku Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá bá wa láti ìparí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, nígbà mìíràn títí wọ ìkẹta. Jos tó wà lórí òkè, tó ga ju 1,200 mítà lọ, òtútù tibẹ̀ mọ́ni lára ju ti Àbújá lọ, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí òru ibẹ̀ tó sún mọ́ òdo tí omi ti ń dì. Wíńtà tí àwọn ará Winnipeg ní Kánádà ń sọ yàtọ̀. Òtútù ibẹ̀ lè já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 30 lábẹ́ òdo, yìnyín á bo ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, wọ́n á sì máa da iyọ̀ sójú títì kí ọkọ̀ má baà yọ̀. Iyọ̀ yẹn ń jẹ irin. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó fẹ́ràn fi ń gbé e wọlé ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, tí kò ní wà á títí di nǹkan bí oṣù kẹrin. Ọyẹ́ ń gbẹ nǹkan, wíńtà ń mú kí nǹkan dì. Ẹni tó bá pe ọ̀kan ní èkejì yóò lọ ra oògùn yìnyín fún ọkọ̀ tí eruku ń pa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó gbọ́ Haúsá dáadáa ní hunturu ni àwọn aládùúgbò wa ń pe méjèèjì, pé kí ló dé tí àwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí Haúsá ṣe ti Haúsá. Tí a bá gbọ́ ọyẹ́, ètè tó bẹ́, ẹsẹ̀ tó funfun àti eruku orí fèrèsé ló ń wá sí wa lọ́kàn, kì í ṣe yìnyín. Èmi á máa kọ wíńtà ní wíńtà, tàbí kí n sọ pé ìgbà yìnyín.

Ìpamọ́ ló wá burú jù. Owó là ń pa mọ́, àṣírí là ń pa mọ́. Ohun tí a bá pa mọ́, a ò fẹ́ kí ojú tó o. Ẹni tó bá sọ pé òun pa ọkọ̀ mọ́ sẹ́yìn ilé, ọkọ̀ olè ni aládùúgbò yóò rò. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìpamọ́ kò sọ iṣẹ́ kankan fún ẹni tó gbọ́ ọ. Ju owó sínú àpótí, tì í, ó ti pamọ́ nìyẹn. Ọdún tí o bá padà dé, yóò wà bí o ṣe fi í sí. Ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Àwọn ọ̀dọ́ ní kí n má da ara mi láàmú, kí n kọ ọ́ ní sitọ́réèjì. Sitọ́réèjì fóònù ni gbogbo ayé mọ̀, èyí tó máa ń kún tí fóònù kò fi ní gba àwòrán mọ́. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ohunkóhun.

Orogún kan ṣoṣo tí mo bọ̀wọ̀ fún ni ìgbésílẹ̀, nítorí ẹnu aráyé ló ti wá. “Mo ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀” ni gbogbo wa ń sọ. Láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó lítà kan fò láti nǹkan bíi 200 náírà kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lẹ́nu àwọn ará Lugbe àti Nyanya ní Àbújá níbí mọ́. Yorùbá gidi ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i: gbígbé ọmọ sílẹ̀ àti títẹ́ ọmọ sùn, ṣé ọ̀kan náà ni? Ìyá tó gbé ọmọ sílẹ̀ kàn yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọmọ ni. Ìyá tó tẹ́ ọmọ sùn ti ṣe iṣẹ́ kó tó yọ ọwọ́. Ó ti fún un lọ́mú yó, ó ti pààrọ̀ ìtẹ́dìí, ó ti tú aṣọ tó fún un lára, ó ti ta nẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀fọn, ó ti da aṣọ bò ó. Bí ọmọ bá pẹ́ lójú oorun, yóò yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ìpàkọ́ má baà tẹ́ pẹlẹbẹ. Nítorí ìgbà tí ọmọ yóò jí ló ṣe ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìtẹ́kọ̀sùn nìyẹn. Ọmú àmuyó ni epo tó kún táǹkì dé ẹnu, tí kò fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn tó ní omi nínú. (Ní Amẹ́ríkà wọ́n ń da oògùn sí epo náà, nítorí ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹ̀tánọ́ọ̀lì tó ń fa omi mọ́ra. Fún oṣù méjì mẹ́ta, mi ò fi dandan lé e fún wa.) Ìtẹ́dìí ni ọ́ìlì: èyí tó ti ṣiṣẹ́ ní ásíìdì àti omi nínú, kò yẹ kí ẹ́ńjìnnì sùn lé e. Aṣọ ìbora gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣọ tó ń mí, kì í ṣe tapólì rọ́bà tó ń há ọ̀rinrin mọ́ra, ẹ sì fọ ọkọ̀ kí ẹ tó bò ó, torí bí afẹ́fẹ́ bá ń fi aṣọ nu eruku mọ́ ọn lára, ọ̀dà rẹ̀ yóò ha. Ìpàkọ́ ni táyà. Ẹ fún un ní atẹ́gùn díẹ̀ sí i ju èyí tí ẹ ń lò, kó má kọjá òǹkà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà fúnra rẹ̀, kí ẹnìkan sì máa ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kó lè fi ibòmíràn kanlẹ̀.

Aṣọ tó fún ọmọ lára ni háńbíréèkì. Èyí, ojú mi ló fi rí i. Ní ọdún 2019, mo fa háńbíréèkì sókè kí n tó wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìbàdàn, mo sì lo oṣù méjì àbọ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo padà, ẹ́ńjìnnì tẹná, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kan kọ̀, kò yí. Bíréèkì ti lẹ̀ mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù. Mẹkáníìkì tó ti Apo wá fi òòlù lù ú fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kó tó jábọ́, bíréèkì yẹn ò sì wúlò mọ́. Òkúta méjì níwájú àti lẹ́yìn táyà ì bá ti tó mi, pẹ̀lú jíà. Ẹ tú háńbíréèkì kalẹ̀.

Ẹ̀fọn ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jù. Àláàmù, aago àti kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kì í sùn, bátìrì ni wọ́n sì ń mu. Bí gbogbo wọn bá ń fa iná 50 mA (mílíáḿpù), tí rewáyà kankan kò ní pè ní àṣejù, 1.2 Ah (áḿpù-wákàtí) ni wọ́n ń mu lójúmọ́. Ọjọ́ 25 péré ni bátìrì 60 Ah yóò fi dé ìdajì. Bó bá jókòó bẹ́ẹ̀ láìkún, ìpẹ́ funfun kan yóò le mọ́ àwọn awo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Ní Winnipeg, bátìrì tó ṣófo lè dì kó sì là. Níbí, ooru oṣù kẹta ló ń bá ẹ̀fọn ṣiṣẹ́. Nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò wọ́n: ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kó dé 12.6 fóltì (V), kí ẹ fi sípánà nọ́ńbà 10 yọ wáyà tó wà ní orí tó ní àmì ìyọkúrò. Bátìrì olómi tàbí èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, ìyẹn ò yí ohun tí mò ń sọ padà.

Àwọn kan á ní kí ọmọ ilé máa tẹná ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí ẹ ń jí ní wákàtí wákàtí, ẹ ò tẹ́ ẹ sùn. Iná tí ìtaná gbà lọ́wọ́ bátìrì pọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè dá a padà, omi tí epo tó jó sì mú wá yóò kù sínú ọ́ìlì àti sáléńsà nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò gbóná dé inú. Kí ẹni tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wà á fún ìdajì wákàtí, tàbí kó má fọwọ́ kàn án.

Olùkọ́ Yorùbá kan ní Ìlọrin kò gbà fún mi. Ó ní òkú là ń tẹ́, pé sísùn pàápàá, a ń fi pe ikú. Lóòótọ́ ni a ń tẹ́ òkú nítẹ̀ẹ́ ẹ̀yẹ. A sì ń tẹ́ ẹní, a ń tẹ́ ibùsùn ìyàwó tuntun, a ń tẹ́ ọmọ. Ẹ má jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ìṣe fún òkú kó mú un wọ ibojì. Ó tún ní irin kò lè sùn. Yorùbá ti ka ọkọ̀ mọ́ ẹlẹ́mìí láti ọjọ́ tó ti dé: ọkọ̀ ń mu epo, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì, ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ohun tó ń mu, tó ń jẹ, tó sì ń kú, kí ló ní kó má sùn? Ẹlòmíràn ní kí n gé e kúrú sí “ìsùn ọkọ̀”. Rárá, ọkọ̀ kì í tẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i bí mo ti fi sí i, ìtẹ́kọ̀sùn, bí a ṣe ń kọ awakọ̀. Láìsí àmì, ọkọ ìyàwó ni òǹkàwé yóò kà.

Ó ku jíjí. “Jíjí ọkọ̀” ti jẹ́ tàwọn olè, nítorí náà ìtají ni mo ń lò, bí a ṣe ń ta ọmọ jí. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó mú kọ́kọ́rọ́, kí ẹ wò bóyá eku ti kọ́ ilé sórí ẹ́ńjìnnì tàbí sínú àpótí fílítà, bóyá ó ti gé wáyà. Ẹ gbọn eruku fílítà, ẹ dá wáyà bátìrì padà, ẹ wo ọ́ìlì àti omi, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá tẹná, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan kí ọ́ìlì gun òkè, kí ẹ wá máa wà á jẹ́jẹ́. Bí táyà bá ń lu ilẹ̀ gbì, gbì, gbì láti Kubwa títí dé Dutse Alhaji, ibi tó fi sùn ló ń dùn ún. Bó bá ṣe ń gbóná ni yóò máa padà rí roboto.