Bí a ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ ayọ̀ ní èdè Hébérù

Tó bá kan ọ̀rọ̀ ayọ̀ ní èdè Hébérù, simcha ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, ibẹ̀ náà sì ni àṣìpè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kà yóò rí ch, yóò sì pè é ní "símṣà". Ìpè yìí kò sí lẹ́nu Júù kankan. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ ló ń ṣini lọ́nà, torí Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́tà fún ìró tó wà níbẹ̀. Nínú àlàyé yìí, kh ni a ó máa fi kọ ọ́, a ó sì fi lẹ́tà ńlá kọ sílébù tí ohùn ti ń wúwo: sim-KHA.

Lẹ́tà tó ni ìró yẹn ń jẹ́ khet (ח). Kì í ṣe k, kì í sì í ṣe h. Kí a gbé ẹ̀yìn ahọ́n sókè bíi pé a fẹ́ pe k, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó kan òkè ẹnu pátápátá. Kí èémí wá máa fi ariwo gba àlàfo tóóró tó kù kọjá, bí ìgbà tí èèyàn ń kó kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jọ lọ́fun. Ẹni tó bá ti lọ ilé kéwú ti ní ìró yìí lẹ́nu tẹ́lẹ̀, òun ló wà nínú Ikhlas. Àwọn Júù tó ti Yemen wá máa ń pe khet jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwọn ni ẹgbẹ́ h inú Rahman, bí alfa tó mọ Kùránì kà dáadáa ṣe ń pè é.

Lẹ́yìn khet, m ni ìdènà kejì. Ẹnu Yorùbá máa ń fẹ́ kí m dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù, bó ṣe rí nínú òrom̀bó. Sílébù méjì péré ni sim-KHA ní. M náà fara ti si tó ṣáájú rẹ̀. Kí ètè pàdé, kí a sì kọjá kíá.

Hébérù kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti Yorùbá, sílébù kan ló máa ń wúwo ju ìyókù lọ. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọ̀rọ̀, èyí tó gbẹ̀yìn ni. Bí etí Yorùbá bá gbọ́ ọ bí ohùn òkè, kò burú. Ṣùgbọ́n ìran àwọn Júù ìlà-oòrùn Yúróòpù tó ń sọ èdè Yiddish máa ń pe simcha ní SIM-khe, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ìpè méjì. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe nínú méjèèjì. Ìpè àwọn Júù Sephardi, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti Sípéènì wá, ni àwọn tó sọ Hébérù di èdè àsọsílé padà tẹ̀ lé. Eliezer Ben-Yehuda, tó dé Jerúsálẹ́mù ní 1881, wà lára wọn, ìyẹn ló sì di sim-KHA tí wọ́n ń pè ní Ísírẹ́lì lónìí. Níbẹ̀, simcha tún ni orúkọ ìnáwó fúnra rẹ̀, ìbáà ṣe ìgbéyàwó tàbí ìkómọ.

Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, s, m àti kh, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Bí fáwẹ́lì àárín wọn bá yí padà, ọ̀rọ̀ mìíràn yóò jáde. Sa-MAKH túmọ̀ sí "ó yọ̀", sa-ME-akh sì ni "aláyọ̀". Kí a wo ìkejì yìí dáadáa, torí ó wà nínú khag sa-ME-akh tí wọ́n fi ń kí ara wọn kú ọdún. Nínú ìwé, abẹ́ khet ni àmì a wà, nítorí náà ẹni tó ń ka lẹ́tà tẹ̀ léra yóò pè é ní "sameekha". Àmọ́ bí khet bá parí ọ̀rọ̀ báyìí, a náà ló máa ń ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ Nóà ṣe rí: NO-akh ni ní Hébérù.

Sason (sa-SON) ni ayọ̀ tí Àìsáyà 12:3 ní kí a fi fa omi láti inú kànga ìgbàlà. Lẹ́tà s inú rẹ̀ (שׂ) ní àmì tótó lókè lápá òsì. Bí tótó náà bá bọ́ sápá ọ̀tún (שׁ), ó di ṣ. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ s àti ṣ nínú ìwé Yorùbá kò ní pẹ́ mọ èyí. Ibi tí sason ti le ni n ìparí. Lójú Yorùbá, on jẹ́ fáwẹ́lì àránmúpè, bíi ti "ìbọn". Ní Hébérù, n gidi ni. Kí orí ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín òkè kí ọ̀rọ̀ tó parí. Fáwẹ́lì o rẹ̀ wà láàrin o àti ọ, e Hébérù náà sì wà láàrin e àti ẹ.

Gi-LA rọrùn. Ri-NA náà rọrùn, igbe ayọ̀ ni, òun ni Sáàmù 126:5 sọ pé àwọn tó fi omijé fún irúgbìn yóò fi ká a. Di-TSA gba pé kí t àti s jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró ts yìí pẹ̀lú kh ló bọ́ sọnù nínú orúkọ Ísáákì. Yits-KHAK ni lẹ́nu àwọn tó ni ín, ó sì wá láti inú ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Khed-VA, ayọ̀ tí Nehemáyà 8:10 pè ní agbára, ní v. Yorùbá kò ní v, ìdí nìyẹn tí David fi di Dáfídì. Kí eyín òkè fara kan ètè ìsàlẹ̀ bíi ti f, kí ohùn sì máa dún lábẹ́ rẹ̀.

O-sher, ìdùnnú, yàtọ̀ sí gbogbo wọn, torí iwájú ni ó ti wúwo. Alef (א) ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ayin (ע) bá rọ́pò alef, ọrọ̀ ni yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ísírẹ́lì kì í pe méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́.

Ìbùkún tó kẹ́yìn nínú méje tí àwọn Júù ń kà níbi ìgbéyàwó to púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀. Ó dára fún ìdánrawò, pàápàá torí pé gbogbo wọn ló wúwo níparí: sa-SON ve-sim-KHA, gi-LA, ri-NA, di-TSA ve-khed-VA. Ve ni "àti". Kí a pè é fẹ́ẹ́rẹ́, kó má gba agbára ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e.