Ajẹntínà já, Ajẹntínà tún wọlé: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹni tó ń gbàlejò ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́

Lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Flying Eagles, ikọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà, na Ajẹntínà ní ayò méjì sí òdo nílùú San Juan, ní ìdíje àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ. Níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, ariwo ò tíì rọlẹ̀ tí ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì fi béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n ní Ajẹntínà ò pegedé?" Iyàn tó tẹ̀lé e ò tán títí onísẹ́ńtà fi pa jẹnẹrétọ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè ọjọ́ náà jọ síbí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò pegedé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Javier Mascherano, tí gbogbo wa mọ̀ ní Barcelona, kó wọn lọ sí Kòlóńbíà fún ìdíje tí Gúúsù Amẹ́ríkà fi ń yan àwọn tí yóò lọ. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti já. Àmọ́ Ajẹntínà ló wá gbàlejò, ẹni tó bá sì ń gbàlejò kì í ṣe ìdánwò àbáwọlé. Ààyè tiẹ̀ ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn ikọ̀ 24.

Ta ló wá yẹ kó gbàlejò tẹ́lẹ̀?

Indonéṣíà ni. Ísírẹ́lì ló pegedé fún ìgbà àkọ́kọ́, Indonéṣíà kò sì bá Ísírẹ́lì ní àjọṣe ìjọba sí ìjọba, nítorí ọ̀rọ̀ Palẹsítínì. Erékùṣù Bali ni wọ́n fẹ́ ti pín àwọn ikọ̀ sí ìsọ̀rí lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹta. Gómìnà Bali, Wayan Koster, kọ̀wé pé òun ò fẹ́ kí ikọ̀ Ísírẹ́lì wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ òun. FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, kọ́kọ́ fagi lé ètò ìpínsísọ̀rí yẹn, nígbà tó sì di ọjọ́ 29, ó gba ìdíje náà lọ́wọ́ wọn pátápátá; Ajẹntínà ló wá gbé e fún lẹ́yìn náà. Ìwé tí FIFA fi síta ò dárúkọ Ísírẹ́lì o. Àjálù pápá Kanjuruhan, níbi tí èèyàn 135 ti kú ní oṣù Kẹwàá 2022, ló mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀?

Àwọn ọmọ Indonéṣíà ló ṣe mí láàánú jù. Wọ́n ti já nínú ìdíje ti Éṣíà lóṣù yẹn kan náà, ààyè olùgbàlejò nìkan ló kù fún wọn. Bí ilé ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn, àga bọ́ náà nìyẹn.

Ṣé ẹni tó ń gbàlejò ò lè yan àlejò tó wù ú ni?

Ibí la ti bá bàbá kan jiyàn jù. Ó ní, "Nínú ilé mi, èmi ni mo mọ ẹni tí mo fẹ́ gbé oúnjẹ fún." Ọ̀rọ̀ bàbá dùn, ṣùgbọ́n FIFA ló ni ìnáwó, àgbàlá lásán ni Indonéṣíà yá a. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣe ìyàwó lè ní kí wọ́n má fi ọbẹ̀ ba ilẹ̀ òun jẹ́, kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa lé àwọn tí ẹbí ìyàwó pè. Ìjọba tó bá fẹ́ gbàlejò ti máa ń fọwọ́ sí ìwé ṣáájú pé gbogbo ikọ̀ tó bá pegedé yóò rí físà gbà.

Ísírẹ́lì ọ̀hún sì lọ sí Ajẹntínà, ó na Bùràsíìlì, ó ṣe ipò kẹta. Urugúè ló gbé ife.

Kí ló wá dé tí FIFA tún fún Indonéṣíà ní ti àwọn ọmọ ọdún 17 lọ́dún kan náà?

Ọwọ́ Perú ni ìyẹn wà, iṣẹ́ pápá wọn ò sì parí, FIFA bá gbà á. Pápá Indonéṣíà ti wà nílẹ̀, Ísírẹ́lì ò sì pegedé sí ti ọmọ ọdún 17. Jámánì fi pẹnáritì borí Faransé ní àṣekágbá ní Surakarta.

Ṣé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ Nàìjíríà rí?

Ẹ̀ẹ̀mejì! Ní 1989, FIFA rí i pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa mẹ́ta tó lọ sí Òlíńpíìkì 1988 kò bá èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún àwọn ìdíje ìṣáájú mu. Ó fòfin de àwọn ikọ̀ ọ̀dọ́ wa fún ọdún méjì, ìdíje 1991 tó yẹ kó wáyé lọ́dọ̀ wa sì bọ́ sọ́wọ́ Pọ́túgà. Luis Figo àti Rui Costa wà nínú ikọ̀ wọn, wọ́n sì gbé ife náà nílé. Nígbà tó di 1995, FIFA ní nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, ó gbé e lọ sí Kátà. Ta ló gbé ife ọ̀hún? Ajẹntínà náà ni!

Ọdún 1999 ló tó dé ọwọ́ wa. Sípéènì, pẹ̀lú Xavi, na Jàpáánù ní ayò mẹ́rin sí òdo ní Sùúrùlérè. Ní 2009 a tún gba ti àwọn ọmọ ọdún 17, ṣùgbọ́n Súwísíláńdì fi ayò kan ṣoṣo gba ife náà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Àbújá.

Ṣé Òṣogbo náà lè rí irú rẹ̀ gbà?

Ìbàdàn gbà nínú ti 1999, Ìjẹ̀bú-Òde gbà nínú ti 2009. Àwa náà ní pápá ìṣeré, ṣùgbọ́n FIFA kì í wo pápá kan ṣoṣo: iná pápá ńkọ́, pápá ìgbaradì ńkọ́, òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́, ilé ìwòsàn ńkọ́? Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú ìpínlẹ̀ wa, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí.

Ọmọ mẹkáníìkì yẹn gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wá délẹ̀ wa, ṣé Òṣogbo náà ò ní ṣe ìdánwò àbáwọlé?" Mo ní Nàìjíríà ni wọ́n ń fún ní ààyè, kì í ṣe Òṣogbo. Ó ní, kí ló wá kan òun nínú ẹ̀ nígbà yẹn.